Àbùlẹ̀ tí kò dé Èkó: Ẹ̀kọ́ ńlá fáwọn ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà nínú wàhálà JAMB àti WAEC

Láti Ẹdẹ, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun

Ẹ̀yin àgbà lẹ máa ń sọ pé bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ńṣe là á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ gbọ́dọ̀ lo làákàyè, kó rí i pé iṣẹ́ náà dé ibi tí wọ́n rán an, kó sì padà wá jábọ̀ fẹ́ni tó rán an. Ọ̀rọ̀ àbọ̀ yìí gan-an ló wà nídìí wàhálà tó bá àwọn ọmọ tó ṣèdánwò àṣewọlé sílé ẹ̀kọ́ gíga lọ́dún 2025. Owó ti lọ sí i, omijé ti dà nídìí ẹ̀, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ òbí ni kò tíì mọ ohun tó fà á títí dòní.

Bí ẹ bá dé ìlú Ẹdẹ, ilé ẹ̀kọ́ gíga ńlá mẹ́ta lẹ máa bá níbẹ̀: Federal Polytechnic tíjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ lọ́dún 1992, Yunifásítì Redeemer's àti Yunifásítì Adeleke. Ó ṣòro kéèyàn rí agbo ilé kan nílùú náà tí kò ní ọmọ tó ti wọlé síkan nínú wọn, tàbí tó ń wá ọ̀nà àtiwọlé níbòmíì. Ẹnu ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ wọn gbọ́dọ̀ gbà kọjá ni ìdánwò àjọ JAMB. Láti ọdún 2015, ìdánwò náà ti kúrò ní ti bébà àti pẹ́ńsùlù pátápátá, orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń ṣe é. Èyí túmọ̀ sí pé kí olùkọ́ tó mọ̀ bóyá ọmọ mọ̀wé, ẹ̀rọ ló kọ́kọ́ máa sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá sì ń darí ẹ̀rọ yẹn, ó ti di ọ̀kan lára àwọn tó ń darí ọjọ́ ọ̀la àwọn ọmọ wa.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣàkóso iṣẹ́ nílé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, àti bí ọ̀gá ṣe ń bá ọmọ iṣẹ́ sọ̀rọ̀ níbẹ̀, kò fi yẹ kó jẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ nìkan mọ́. Ohun tí ìtàn JAMB àti WAEC fi hàn ni pé kì í sábà jẹ́ pé ẹ̀rọ ló ya wèrè. Èèyàn kan ni kò jábọ̀, ẹlòmíì kò béèrè, ẹnì kẹta kò sì tètè fetí sí ẹni tó ń ké.

BÓ ṢE ṢẸLẸ̀

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, oṣù karùn-ún, ọdún 2025, JAMB gbé èsì ìdánwò jáde. Nínú àwọn ọmọ bíi mílíọ̀nù 1.9 tó ṣe é, àwọn tó lé ní mílíọ̀nù 1.5 ni kò gba tó 200 nínú 400. Ariwo ta. Àwọn kan ní àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò kàwé mọ́, pé fóònù ló ti gba ojú wọn. Dókítà Tunji Alausa, tó jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́ lásìkò náà, sọ lórí tẹlifíṣọ̀n pé máàkì tó lọ sílẹ̀ náà fi hàn pé wọ́n ti rẹ́yìn màgòmágó nínú ìdánwò. Ọ̀pọ̀ òbí gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́, wọ́n sì bínú sọ́mọ wọn.

Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kan ń sọ ohun mìíràn. Wọ́n ní ìbéèrè kò pé lójú kọ̀ǹpútà àwọn, wọ́n ní máàkì táwọn rí kò jọ iṣẹ́ táwọn ṣe rárá. Ọ̀gbẹ́ni Alex Onyia, tó jẹ́ ọ̀gá ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ Educare, bẹ̀rẹ̀ sí í gba orúkọ àti ẹ̀sùn àwọn ọmọ tí ọ̀rọ̀ kàn, wọ́n sì pọ̀ tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ó ní tí àjọ náà kò bá dáhùn, ilé ẹjọ́ ló kù. JAMB fúnra ẹ̀ wá rí i pé ẹ̀sùn tó ń wá láti àwọn ìpínlẹ̀ kan ti pọ̀ kọjá bó ṣe yẹ. Wọ́n pe àwọn onímọ̀ láti ìta, wọ́n sì fa àyẹ̀wò tí wọ́n máa ń ṣe lóṣù kẹfà wá síwájú.

Lọ́jọ́ kẹrìnlá oṣù náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Oloyede, tó jẹ́ ọ̀gá àgbà JAMB lásìkò náà, pe àwọn oníròyìn jọ l'Abuja. Ó ní àṣìṣe wà níbẹ̀, pé ẹ̀bi àjọ náà ni, pé òun gẹ́gẹ́ bí olórí lòun gba ẹ̀bi náà. Ó tọrọ àforíjì, omi sì bọ́ lójú ẹ̀ níṣojú gbogbo ayé. Nínú ibùdó ìdánwò 887 tó wà káàkiri orílẹ̀-èdè yìí, 157 ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Márùndínláàádọ́rin nínú wọn wà ní ìpínlẹ̀ Èkó, níbi tí ọmọ 206,610 ti ṣèdánwò. Méjìléláàádọ́rùn-ún tó kù wà ní ìpínlẹ̀ Abia, Anambra, Ebonyi, Enugu àti Imo, níbi tí ọmọ 173,387 ti ṣe é. Bá a bá ro ó pọ̀, ọmọ 379,997 ni. Láti ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù náà ni wọ́n ti ní kí wọ́n tún ìdánwò náà ṣe.

Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kò sí nínú ìwé tí wọ́n kà jáde. Ṣùgbọ́n ta ni kò mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọmọ Ẹdẹ ń gbé l'Ékòó? Ọmọ-ọmọ tó ń gbé Agége tàbí Ìkòròdú, tó pe ìyá àgbà sórí fóònù pé òun ti fìdí rẹmi, ọmọ Ẹdẹ náà ni.

KÍ LÓ DÉ GAN-AN?

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ aṣọ ṣàlàyé ẹ̀. Lọ́dún náà, JAMB fẹ́ dènà àwọn tó ń wo ìwé ara wọn. Wọ́n wá ṣe é tó fi jẹ́ pé kì í ṣe ìbéèrè nìkan ni ẹ̀rọ ń pò pọ̀, ó ń pò ìdáhùn náà pọ̀. Bí ọmọ méjì bá jókòó ti ara wọn, ìdáhùn tó wà ní A lọ́dọ̀ ẹnì kan lè wà ní C lọ́dọ̀ èkejì. Ọgbọ́n tó dáa ni. Ṣùgbọ́n ó túmọ̀ sí pé ẹ̀rọ tó máa máàkì gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe pò ti ọmọ kọ̀ọ̀kan.

Kí ẹ̀rọ lè mọ èyí, wọ́n ní láti fi nǹkan kún ètò tó wà nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí télọ̀ ṣe máa ń fi àbùlẹ̀ sí aṣọ níbi tó bá yẹ kí wọ́n tún ṣe, bẹ́ẹ̀ náà làwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ṣe máa ń fi àbùlẹ̀ sí ètò tí wọ́n ti kọ. Àwọn kọ̀ǹpútà ńlá tó ń pín iṣẹ́ fáwọn kéékèèké, tí wọ́n ń pè ní sáfà, wà lọ́nà méjì. Ọ̀wọ́ kan wà tí wọ́n fi Kàdúná pè, ọ̀wọ́ kejì wà tí wọ́n fi Èkó pè, òun ló sì ń bójú tó Èkó àti ilẹ̀ Ìgbò. Àbùlẹ̀ náà dé ara ọ̀wọ́ ti Kàdúná, kò dé ara ọ̀wọ́ t'Ékòó bó ṣe yẹ. Ọ̀kan nínú àwọn tí JAMB gbéṣẹ́ fún ni kò fi í síbẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀rọ ìhà ibẹ̀ kò lè ka ìdáhùn àwọn ọmọ náà bó ṣe yẹ. Kò sì sẹ́ni tó mọ̀ títí tí èsì fi jáde.

Ẹ wò ó dáadáa, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Àbùlẹ̀ náà kò bàjẹ́. Ẹni tó rán án ṣiṣẹ́ ẹ̀, ibi tó dé sì rí àǹfààní ẹ̀. Ohun tó bàjẹ́ ni pé wọ́n rán iṣẹ́ sọ́nà méjì, ọ̀nà kan gbà á, ọ̀nà kejì kò gbà á, àbọ̀ tí ọ̀gá gbọ́ sì ni pé gbogbo nǹkan ti lọ dáadáa. Lẹ́yìn tí èsì jáde, àwọn ìwé ìròyìn gbé e pé ọmọdébìnrin kan l'Ékòó kú nítorí ìbànújẹ́ máàkì tó rí. Tí wọ́n bá tún ìdánwò ṣe lẹ́ẹ̀mẹwàá, ìyẹn kò lè dá a padà.

WAEC NÁÀ TÚN ṢE BẸ́Ẹ̀

Ó yẹ kí ẹkún JAMB kọ́ àwọn yòókù lọ́gbọ́n. Ṣùgbọ́n kò tó oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà tí irú ẹ̀ tún fi ṣẹlẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, oṣù kẹjọ, ọdún 2025, àjọ WAEC gbé èsì ìdánwò oníwèé mẹ́wàá jáde. Nínú ọmọ tó lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù 1.96, àwọn 754,545, ìyẹn ìdá 38.32 nínú ọgọ́rùn-ún, ni wọ́n ní ó yege nínú iṣẹ́ márùn-ún tí Gẹ̀ẹ́sì àti ìmọ̀ ìṣirò wà nínú wọn. Gbogbo èèyàn tún bẹ̀rẹ̀ sí í bú àwọn ọmọ.

Kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan, WAEC ti ìkànnì tí wọ́n fi ń wo èsì pa, wọ́n láwọn rí àṣìṣe. Àwọn náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í to ìbéèrè lọ́nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fáwọn iṣẹ́ mẹ́rin kan, kí ọmọ má baà jí ìwé ẹlòmíì wò. Nínú ti Gẹ̀ẹ́sì, fáìlì tí kò tọ̀nà ni wọ́n lò, ìdáhùn tí kì í ṣe ti ìwé tó wà níwájú ọmọ ni wọ́n sì fi máàkì ẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe, iye àwọn tó yege di 1,239,884, ìdá 62.96 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ jẹ́ 485,339. Ọmọ tó pọ̀ tó báyẹn ni wọ́n ti kọ́kọ́ sọ fún pé wọ́n kò yege.

Àjọ méjì, ọdún kan náà, irú àṣìṣe kan náà. Àwọn méjèèjì mú àyípadà tó dáa wọlé, àwọn méjèèjì gbé èsì jáde kí wọ́n tó mọ̀ pé àyípadà náà kò bára mu níbì kan. Bí a bá wá pe èyí ní àìṣedéédéé ẹ̀rọ, irọ́ là ń pa fún ara wa. Ìṣàkóso ni.

Ẹ̀KỌ́ TÓ WÀ NÍBẸ̀ FÁWỌN TÓ NÍ ILÉ-IṢẸ́

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà ní Ẹdẹ lónìí ń fojú sọ́nà láti dá ilé-iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀ bí àwọn tó dá Paystack sílẹ̀ l'Ékòó ṣe ṣe. Lọ́dún 2020 ni ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Stripe ra Paystack ní owó tó lé ní igba mílíọ̀nù dọ́là. Ìfẹ́ ọkàn tó dáa ni. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń ta ilé-iṣẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe ń jábọ̀.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ni pé "mo ti ṣe é" kì í ṣe àbọ̀. Bí ọ̀gá bá béèrè lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́ pé ṣé àbùlẹ̀ ti wọlé, tí ìyẹn dáhùn pé ó ti wọlé, ohun tó ní lọ́kàn lè jẹ́ pé òun ti kọ ọ́ tán. Ohun tí ọ̀gá gbọ́ ni pé ó ti dé gbogbo ibi. Kò sẹ́ni tó purọ́ nínú wọn, síbẹ̀ ọmọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún lè ti ibẹ̀ fìdí rẹmi. Kí wọ́n kọ orúkọ ibi kọ̀ọ̀kan tí iṣẹ́ gbọ́dọ̀ dé sílẹ̀, kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó gbé e débẹ̀, kí wọ́n sì kọ orúkọ ẹlòmíì tó lọ wò ó pé ó débẹ̀. Tó bá jẹ́ ti ìdánwò ni, kí wọ́n mú ìwé ọmọ mélòó kan ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí èèyàn ẹlẹ́ran ara máàkì wọn, kí wọ́n fi wé ti ẹ̀rọ kí èsì tó jáde. Iṣẹ́ ọjọ́ díẹ̀ ni.

Ẹ̀kọ́ kejì wà nínú òwe tó ní bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara ẹ̀. Ẹni tó kọ ètò kọ̀ǹpútà kò gbọ́dọ̀ jẹ́ òun nìkan ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn òyìnbó tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí tipẹ́ náà ń jìyà àìṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kọkàndínlógún, oṣù keje, ọdún 2024, ilé-iṣẹ́ CrowdStrike ní Amẹ́ríkà fi àbùlẹ̀ kan tó ní àléébù ránṣẹ́ sí gbogbo oníbàárà wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Kọ̀ǹpútà bíi mílíọ̀nù 8.5 ló kú fin-ín káàkiri ayé, ọkọ̀ òfuurufú kò lè gbéra, ilé ìwòsàn kò rí ìwé aláìsàn wò. Ti JAMB ni pé àbùlẹ̀ kò dé ibi tó yẹ. Ti CrowdStrike ni pé ó dé ibi gbogbo kí ẹnikẹ́ni tó tọ́ ọ wò dáadáa. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣèlérí pé díẹ̀díẹ̀ làwọn á máa rán an. Ìyá tó bá se ọbẹ̀ fún àwọn èrò inú ilé mọ̀ pé ó yẹ kí òun kọ́kọ́ tọ́ ọ wò ní àtẹ́lẹwọ́.

Ẹ̀kọ́ kẹta ló nira jù, ó sì kan àṣà wa. Nílẹ̀ Yorùbá, a kọ́ ọmọ láti bọ̀wọ̀ fágbà, èyí sì dára. Ṣùgbọ́n bí ìbọ̀wọ̀ bá di ìbẹ̀rù nílé-iṣẹ́, ewu ni. Ọmọ iṣẹ́ tó kéré jù lọ ló sábà máa ń kọ́kọ́ rí àléébù, torí òun ló jókòó ti ẹ̀rọ lóru. Bí ó bá mọ̀ pé ọ̀gá máa jágbe mọ́ òun, á dákẹ́, á máa gbàdúrà pé kí ó má hàn. Ẹ̀yin àgbà náà lẹ ṣáà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọ̀gá tó bá fẹ́ kí ilé-iṣẹ́ òun yè, kó jẹ́ káwọn ọmọ iṣẹ́ mọ̀ pé ẹni tó bá tètè mú ìròyìn burúkú wá kò ní jìyà, pé ẹni tó bá fi í pamọ́ ló máa jìyà.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ NÍLẸ̀ GẸ̀Ẹ́SÌ

Àwọn kan lè sọ pé ìtìjú ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Oloyede kó bá ara ẹ̀ pẹ̀lú ẹkún tó sun, àwọn kan tiẹ̀ ní kó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí ìbá ṣẹlẹ̀ ká ní wọ́n sé ọ̀rọ̀ náà mọ́nú, ẹ wo ilé-iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Lọ́dún 1999 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ Horizon, tí ilé-iṣẹ́ Fujitsu bá wọn ṣe, láti fi ka owó nínú àwọn ẹ̀ka wọn. Ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé owó dín, nígbà tí owó kò dín. Àwọn tó ń bójú tó ẹ̀ka wọ̀nyí, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ oníṣòwò kéékèèké ní abúlé àti àdúgbò, pe orí fóònù láti béèrè ohun tó dé. Wọ́n sọ fún ọ̀pọ̀ nínú wọn pé òun nìkan ni irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí. Bẹ́ẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni wọ́n. Láàárín ọdún 1999 sí 2015, àwọn tó lé ní ẹgbẹ̀rún ó dín ọgọ́rùn-ún ni ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi olè tàbí ìwé èké. Àwọn kan ṣẹ̀wọ̀n, àwọn kan ta ilé wọn láti fi san owó tí wọn kò jẹ.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Lóṣù kejìlá ọdún 2019, adájọ́ sọ pé àléébù wà lára Horizon lóòótọ́. Lọ́dún 2021, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fagi lé ẹ̀bi èèyàn 39 lọ́jọ́ kan náà. Lọ́dún 2024, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe òfin láti wẹ orúkọ ọgọ́rọ̀ọ̀rún àwọn yòókù mọ́. Ìgbìmọ̀ tó ń wádìí ọ̀rọ̀ náà sọ lóṣù keje ọdún 2025 pé ó ṣeé ṣe kí èèyàn 13, ó kéré tán, ti gbẹ̀mí ara wọn nítorí ẹ̀.

Ẹ fi ogún ọdún yẹn wé ọjọ́ márùn-ún tí JAMB lò kí wọ́n tó jẹ́wọ́. Àṣìṣe ilẹ̀ wa kò kéré, ṣùgbọ́n ẹni tó tètè sọ pé "ẹ̀bi wa ni" dá ìyà dúró níbi tó dé. Ohun tó mú kí ọjọ́ márùn-ún yẹn ṣeé ṣe ni pé ẹnì kan ka ẹ̀sùn àwọn ọmọ jọ, tó sì rí i pé ìhà kan ni wọ́n ti ń wá. Ẹ̀kọ́ kẹrin nìyẹn. Ẹ̀sùn oníbàárà kì í ṣe èébú. Ìròyìn ọ̀fẹ́ ni. Kí ilé-iṣẹ́ máa kà á, kí wọ́n máa béèrè ibi tó ti ń wá, kí wọ́n má sì sọ fún ẹnikẹ́ni láé pé òun nìkan ni.

Síbẹ̀, a kò ní tìtorí pé wọ́n tètè jẹ́wọ́ ká máa yin JAMB ju bó ṣe yẹ lọ. Láàárín ọjọ́ márùn-ún yẹn, àwọn aláṣẹ ti sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọ̀lẹ ni àwọn ọmọ. Àwọn èèyàn kan láti ilẹ̀ Ìgbò sì ti ń sọ pé torí ẹ̀yà wọn ni wọ́n ṣe ṣe é fún wọn. Níbi tí àlàyé kò bá sí, ìfura ló máa ń gbapò ẹ̀. Ká ní wọ́n ti sọ lọ́jọ́ kìíní pé "a ń gbọ́ ẹ̀sùn, a ń wò ó, ẹ ṣì ní sùúrù pẹ̀lú àwọn ọmọ yín", ìrora náà ì bá dín kù.

ÈDÈ TÍ ÈÈYÀN GBỌ́

Ẹ̀kọ́ ìkẹyìn jẹ́ ti èdè, ó sì yẹ kó yé ọmọ Ẹdẹ ju ẹnikẹ́ni lọ. Tìmì Adétóyèṣe Láoyè, tó jọba láti ọdún 1946 sí 1975, mọ ìlù í lù débi tí òkìkí ẹ̀ fi kàn dé òkè òkun. Onílù tó mọṣẹ́ mọ̀ pé bí dùndún bá sọ̀rọ̀ tí ẹni tí wọ́n ń lù ú fún kò gbọ́ ọ, ariwo lásán ni.

Àwọn ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà wa kò tíì kọ́ èyí. Lóṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá ọdún 2024, àwọn báńkì bíi Sterling, Zenith àti GTBank pààrọ̀ ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń tọ́jú owó. Iṣẹ́ ńlá ni, ó sì nídìí tí wọ́n fi ṣe é. Ṣùgbọ́n fún ọjọ́ mélòó kan, ọ̀pọ̀ oníbàárà kò lè rí owó wọn gbà tàbí kí wọ́n fi ránṣẹ́. Orí fóònù àti ímeèlì ni wọ́n fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sí, lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ìyá tó ń ta gàrí lọ́jà, tó sì ń fi P.O.S. gbowó, kò mọ ohun tó ń jẹ́ àtúnṣe ètò. Ohun tó mọ̀ ni pé oníbàárà òun ti lọ, owó kò sì wọlé. Gbólóhùn Yorùbá mẹ́rin lórí rédíò, tó sọ ọjọ́ tó máa bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tó máa parí, ohun tí kò ní ṣiṣẹ́ àti ibi téèyàn lè lọ, ì bá ti tó o. Iye tó máa ná báńkì kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgbẹ́kẹ̀lé tí wọ́n sọ nù.

OHUN TÓ KAN ÒBÍ

Ẹ̀yin òbí náà ní ipa tiyín níbẹ̀. Bí ọmọ bá mú máàkì burúkú wálé, ẹ má ṣe kọ́kọ́ gbé pàṣán. Ẹ jókòó tì í, ẹ bi í bí ìdánwò náà ṣe lọ, ẹ bi í bóyá ìbéèrè pé, bóyá ẹ̀rọ ń dá iṣẹ́ dúró. Ẹ bá a tọ́jú ìwé tó fi forúkọ sílẹ̀ àti èyí tó sọ ibùdó, ọjọ́ àti wákàtí tó ṣe é. Bí ohun tó sọ bá fi hàn pé nǹkan kù díẹ̀ káàtó, ẹ kọ ẹ̀sùn ránṣẹ́ kíá, ẹ sì béèrè lọ́wọ́ àwọn òbí mìíràn bóyá tiwọn náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀sùn ẹnì kan lè sọ nù. Ẹ̀sùn ogún èèyàn láti ibùdó kan náà ṣòro láti dà nù. Èyí kò sọ pé gbogbo ọmọ tó bá fìdí rẹmi ni ẹ̀rọ ṣe nǹkan fún o. Àwọn tí kò kàwé ṣì wà, wọ́n sì pọ̀. Ohun tí à ń sọ ni pé kí ìwádìí ṣáájú ìdájọ́.

Ní ti ìjọba, ó yẹ kí òfin wà pé àjọ tó bá fẹ́ yí ọ̀nà tó ń gbà máàkì ìdánwò padà gbọ́dọ̀ jẹ́ kí àwọn onímọ̀ tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ẹ̀ yẹ ètò náà wò kí ọmọ kankan tó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, kí wọ́n sì tún èyí ṣe kí èsì tó jáde. Lọ́dún 2025, ẹ̀yìn tí èsì jáde làwọn onímọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ohun tó wà níbẹ̀. Ó yẹ kí a tún mọ irú ìyà tó wà fún ilé-iṣẹ́ tó gba owó ìjọba, tó sọ pé òun ti fi àbùlẹ̀ sí gbogbo ibi, tí kò sì rí bẹ́ẹ̀. Títí dìgbà tí wọ́n bá fi ìyẹn sínú ìwé àdéhùn, ẹkún ọ̀gá kan kò lè dáàbò bo ọmọ tó ń bọ̀.

Ní báyìí, ọdọọdún ni àwọn ọmọ Ẹdẹ á máa jókòó síwájú kọ̀ǹpútà JAMB. Wọn kò mọ ẹni tó kọ ètò tó wà nínú ẹ̀, wọn kò sì ní rí i láé. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n gbójú lé ni pé ẹni yẹn, níbi yòówù kó wà, á jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an, á sì padà wá jábọ̀.